Akèrègbè Irúgbìn Lójú Òkun

Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ mi pé mo ti bá wọn ṣọ́ ẹ̀mí ènìyàn létí òkun rí, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. "Ìyá, Ọ̀tà ni wọ́n bí yín sí. Òkun wo ló wà ní Ọ̀tà?" Kò sí lóòótọ́. Odò la ní, omi rẹ̀ kì í sì í kọjá orúnkún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkun wá bá mi nílé ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, n kò sì lè ní kí ó padà.

Ayé òyìnbó ni. Ibi tí ilé-iṣẹ́ kún fọ́fọ́ ní Ṣàngó lónìí, tí ọkọ̀ àjàgbé ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, igbó ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Oko ìyá ọkọ mi wà lọ́nà Itele, akèrègbè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ akèrègbè ni iṣẹ́ àwọn obìnrin agbo ilé wa. Àwọn Fúlàní ń rà á fún wàrà, àwọn obìnrin ń rà á fún omi àti òróró. Àwọn adẹ́mu láti Alápòtí náà ń rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé mùsùlùmí ni tiwa. Ìyá ọkọ mi ní òun kì í béèrè ohun tí oníbàárà fẹ́ rọ sínú akèrègbè, pé Ọlọ́hun á bi oníkálukú ní tirẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá sílé. Ó mọ igi dáadáa, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dí ojú pákó kí omi má bàa wọlé. Ohun kan tí kò mọ̀ ni ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ Ọ̀tà ni, garawa ló fi ń wẹ̀ láti kékeré.

Ó wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣeré lórí ọ̀sà fẹ́ ṣe ìdíje lọ́dún yìí, wọn kò sì ní ṣe é lórí ọ̀sà mọ́. Ojú òkun gan-an ni. Wọ́n á gba ẹnu ọ̀sà jáde, wọ́n á máa bá etíkun lọ, wọ́n á yípo àgbá kan tí wọ́n so mọ́ ojú omi, wọ́n á sì padà. Wọ́n ti ní kí àwọn apẹja náà gbé ọkọ̀ tiwọn wá, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà gbé ọ̀kan jáde. Òun wà lára àwọn mẹ́ta tí yóò wà nínú ọkọ̀ náà.

Mo ń yọ iyán nínú odó lọ́wọ́. Mo dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wẹ̀? Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lójú òkun?"

"Èmi ni mo gbẹ́ òpó tí wọ́n ta ìgbòkun sí. Ṣé kí n gbẹ́ òpó tán, kí ẹlòmíràn wá lọ fi gba ògo?"

"Bí ọkọ̀ bá dojú dé ńkọ́, ṣé òpó ni yóò lúwẹ̀ẹ́ fún yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi kò ní pa mí. Ó ti mọ̀ mí. Àwọn ẹbí mi ti kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó fi mí fún un pé ọmọ yìí kì í sinmi ọ̀rọ̀. Mo fa òwe yọ fún un pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ó ní òkun kò tíì hó. Mo sọ̀rọ̀ títí iyán fi tutù, kò yí ọkàn rẹ̀ padà, inú sì bí mi débi pé mo bu ọbẹ̀ tirẹ̀ láìfi ẹran sí i.

Ohun tó tù mí nínú ni òyìnbó kan tí wọ́n fi ṣe alábòójútó eré náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni, ṣùgbọ́n bí ọkọ mi ṣe ń ro òfin rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ni mo ń nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin tí n kò rí rí. Ó ní ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kan gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé àwọn onígbòkun lẹ́yìn. Ó ní bí wọ́n bá ti rí àsíá pupa létíkun, kí oníkálukú yí padà, ìbáà ṣe ẹni tó wà níwájú. Ó sì ní ẹnikẹ́ni tí kò bá so ohun tí yóò mú un léfòó mọ́ ara kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Àwọn òyìnbó ní ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì, èèpo igi fúyẹ́ tó ń léfòó, rán, kò sì kárí. Ni ọ̀gá ọgbà bá ní kí wọ́n lo akèrègbè bí àwọn apẹja ṣe máa ń lò ó. Ọkọ mi nàwọ́ sókè, ó ní ilé àwọn ni wọ́n ti ń ṣe é.

"Irú akèrègbè wo ni wọ́n fẹ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Èyí tó dára ni, Ìyá. Ẹ ṣáà fún mi ní èyí tó dára."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó padà sí Èkó.

Ní agbo ilé wa, akèrègbè tó dára ni èyí tí wọ́n ti dá ẹnu sí, tí wọ́n ti ha inú rẹ̀, tí wọ́n fi yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ṣan án títí kò fi ní òórùn mọ́. Bí o bá gbé èyí tí a kò dá ẹnu sí jáde fún oníbàárà, o ti dójú ti ìyálé ilé. Nítorí náà ni ìyá ọkọ mi ṣe kó gbogbo wa jọ. A dá ẹnu sí wọn, a fọ̀ wọ́n, a sá wọn sóòrùn. Ó fi ọ̀bẹ fín wọn lára, ó fín alángbá sí òmíràn, ó fín ewé sí òmíràn. Ṣùkù àgbàdo la fi dí wọn lẹ́nu. Wọ́n lẹ́wà, n kò lè purọ́. Gbogbo ẹni tó yà nílé wa ló ń yìn wọ́n, inú ìyá ọkọ mi sì ń dùn.

Èmi náà yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń lọ fọ aṣọ lódò, mo mú ọ̀kan dání, mo so ó mọ́ gbòǹgbò igi, mo jẹ́ kí ó máa léfòó nítòsí mi. Ó léfòó dáadáa nígbà tí mò ń fi ọṣẹ sí aṣọ. Nígbà tí mo fi máa ṣan aṣọ tán, ó ti tẹ orí sínú omi, ìdí rẹ̀ nìkan ló yọ sókè bí ẹni tó forí kanlẹ̀ lórí ìrun. Nígbà tí mo sá aṣọ tán tí mo padà wò ó, okùn nìkan ni mo rí. Ṣùkù ti rin gbingbin, omi ti gba ibẹ̀ wọlé. Ọkọ mi ni mo ń rò pé ó wà nísàlẹ̀ omi yẹn.

Wàyí o, báwo ni ìyàwó tí kò tíì pé ọdún kan nílé ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dára? Ẹnu tí mo ní yìí, n kò lè là á. Mo ro ó títí. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá ọkọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbé àwo ńlá tí a fi ń rẹ aró síwájú rẹ̀, mo pọn omi kún un, mo sì gbé akèrègbè alálángbá lé orí omi náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí kí ewúrẹ́ má bàa mu ún."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ wò ó ni, mà. Mò ń bọ̀."

Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ń ta iná tí kò ní nǹkan kan lórí. Ó pẹ́. Mo gbọ́ tí ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ orin mọ́. Ó wá pè mí.

"Ìyàwó! Ó ti rì."

"Kí ló rì, Ìyá?"

"Ọmọ mi ni," ni ó wí. "Ọmọ mi ló rì."

Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé akèrègbè náà jáde, ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi àtàńpàkò ra alángbá tó fín sí i lára. Nígbà tó yá, ó pòṣé. Ó ní ọmọ òun ni kò lọ́gbọ́n, pé akèrègbè tó dára ló wí, kò wí pé yóò gùn ún bí ẹṣin. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ kíákíá pé kò lọ́gbọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn èmi àti ìyá ọkọ mi ṣọ̀kan lórí ohunkóhun.

Èyí tí a kò dá ẹnu sí ni a nílò, gbogbo ti oko la sì ti dá ẹnu sí. Kò ku èyí kankan bí kò ṣe ti irúgbìn. Ìyẹn ni pé, lọ́dọọdún, èyí tó dára jù nínú akèrègbè ni wọ́n máa ń so kọ́ òkè ààrò, ẹnikẹ́ni kò ní fi ọ̀bẹ kàn án. Èéfín á máa gbẹ ẹ́, hóró á wà nínú rẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, ìgbà náà ni wọ́n tó máa fọ́ ọ láti gbìn. Wọn kì í gbé e jáde nílé ṣáájú ìgbà náà. Ìyá ìyá ọkọ mi ló ti fi irú rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní gbogbo agbègbè wa. Bí òkun bá gbé wọn lọ, iṣẹ́ agbo ilé parí nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi dúró sábẹ́ wọn, ó gbójú sókè. "Lahila," ni ó wí. Ó fa ìjókòó kan, ó gùn ún, ó sì ń tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń nà wọ́n sí mi.

"Gbọ́, ìyàwó. N kò fi wọ́n ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Mo yá wọn ni. Gbogbo wọn ni yóò padà wálé, èmi fúnra mi ni n ó sì lọ ṣọ́ wọn."

"Ẹ̀yin, Ìyá? Ní Èkó?"

"Irúgbìn mi ni mò ń tẹ̀ lé," ni ó wí. "Ta ló dárúkọ ọmọ rẹ̀?"

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Obìnrin tí kò tíì kọjá ọjà Ọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ lọ́rí lọ sí Èkó, ó gbé akèrègbè méjì sórí itan, èmi gbé mẹ́rin yòókù, ó sì ń bá awakọ̀ jà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Hóró ń ró nínú wọn. A ti hun okùn sí wọn lára bí àwọ̀n kí ó lè ṣeé so mọ́ àyà àti ẹ̀yìn. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn.

Etíkun kún. Àwọn apẹja ti gùn lé ọkọ̀ wọn, akèrègbè tiwọn ti dúdú nítorí pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Òyìnbó alábòójútó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣòkòtò péńpé, oòrùn ti jó imú rẹ̀ pupa, ó ń fa gbogbo okùn wò. Ó gbé akèrègbè wa kan, ó mì í, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára, ó sì kọjá lọ sídìí ọkọ̀ mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ló fẹ́ dójú tì wá. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá so ó mọ́ra, yóò máa ró bí ṣaworo ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́, àwọn apẹja á sì fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà. Ta ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù? Ọkọ mi ni.

"A óò kó o sínú ọkọ̀," ni ó wí. "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a óò mú un."

Mo bínú. "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ṣé nǹkan náà yóò dúró kí ẹ so okùn? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó! Ẹ̀yin tí omi ìwẹ̀ bá bọ́ sí yín lójú tí ẹ máa ń ké pe ìyá yín, ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa mú un!"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo mọ̀ pé mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́, pé ọkùnrin tí wọ́n bá rín báyìí lójú ẹgbẹ́ kò ní gbà mọ́. Ìyá rẹ̀ ló wá jáde láti ẹ̀yìn mi. Kò gbóhùn sókè. Ó lọ dúró síwájú rẹ̀, ó sì ní, "Ọkọ mi, gbé apá sókè."

"Ìyá, ẹ̀yin náà wá?"

"Irúgbìn mi ni mo bá wá. Gbé apá sókè kí n so ó. Bí o kò bá fẹ́, gbé e fún mi, kí èmi àti ìwọ máa lọ sílé."

Ọmọkùnrin wo ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn lójú ènìyàn? Ó gbé apá sókè. Ìyá rẹ̀ so ọ̀kan mọ́ ọn láyà, ó so ọ̀kan mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ta kókó, ó tún fi eyín fa kókó náà le. Nígbà tí ó ṣe tán, ó kọjú sí àwọn méjì yòókù, ó ní, "Ẹ̀yin náà, ta ni ìyá yín?" Wọ́n gbé apá sókè láìjanpata.

Wọ́n fọn fèrè, wọ́n sì gbéra. Mo ti gbàgbé ìbínú mi nígbà tí mo rí gbogbo ìgbòkun yẹn tó kún fún afẹ́fẹ́. Ó wù mí. Ọkọ̀ ọgbà yára, òpó ọkọ mi kò mì, wọ́n kọjá àwọn apẹja, wọ́n kọjá òyìnbó méjì, èmi tí mo bú u tán láìpẹ́ ni mo ń pariwo pé ọkọ mi nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ní kí n rọra, pé mo ń fò mọ́ òun lẹ́sẹ̀.

Òyìnbó alábòójútó ló kọ́kọ́ rí i. Gbogbo wa ń wo òkun, òun ń wo òkè. Òkùnkùn kan ti ń dìde láti ìhà ilẹ̀, ó dúdú nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ti dákẹ́ lójijì. Ìjì òjò àkọ́kọ́ ọdún ni. Ó pàṣẹ kí wọ́n fa àsíá pupa sókè. Àwọn kan kùn pé ojo rẹ̀ ti dé, oòrùn ṣì ń ràn. Àwọn ọkọ̀ yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ dé etíkun. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú nígbà ìlọ ni yóò kẹ́yìn nígbà àbọ̀. Ọkọ̀ tiwa ló wà níwájú.

Ìjì náà dé kí wọ́n tó súnmọ́ wa. Yanrìn ń gbá wa lójú. Mo rí ìgbòkun wọn tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo rí i tó fẹ́ nà, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Ọkọ̀ ti dojú dé ní ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kò lè wọ àárín ìgbì yẹn, ó ń yí ká lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn apẹja ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú okùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi tán. Mo fẹ́ pe orúkọ Ọlọ́hun, n kò rántí bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ìgbà náà ni nǹkan yọ lójú omi. Akèrègbè ni, lẹ́yìn náà orí ènìyàn, lẹ́yìn náà akèrègbè. Ìgbì gbé wọn sókè, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó tún gbé wọn, wọn kò rì. Ó ń tì wọ́n bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Okùn ti já lára àwọn kan, akèrègbè wọn ń léfòó káàkiri etí omi níbi tí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè mú wọn.

Ìyá ọkọ mi ti wọ inú omi. N kò rí ìgbà tó bọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Omi ti mu ún dé àyà, ìró rẹ̀ ń léfòó yí i ká. Akèrègbè irúgbìn méjì gbá a láyà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ó fi ọwọ́ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń lé adìyẹ, kò tilẹ̀ wo ibi tí wọ́n gbà. Ọmọ rẹ̀ ló nàwọ́ sí. Ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú, apẹja kan gbá òun náà mú láti ẹ̀yìn, wọ́n sì fa gbogbo wọn gúnlẹ̀. Àwọn méjì yòókù ti gúnlẹ̀ níwájú, wọ́n ń bi omi iyọ̀. Gbogbo wọn yè, alihamdulilahi.

Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ gbá ọmọ rẹ̀ létí. Lẹ́yìn náà ó tú ìborùn rẹ̀ tó rin gbingbin, ó fi ń nù ún lójú, omi kan náà ló sì ń fi nù ún. Ọkọ mi ń wúkọ́, ó ń wá mi kiri pẹ̀lú ojú. Ó rí mi níbi tí mo dúró sí. Ẹsẹ̀ mi kò tíì kúrò lójú kan.

"Ìyàwó," ni ó wí, "ìwọ kọ́ lò ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀? Ó yá, bú mi."

Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo lọ bá a, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù. Lọ́rí gbé wa dé Ọ̀tà nínú òjò, hóró ń ró nínú akèrègbè tó ṣì wà láyà rẹ̀, n kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.